Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iná Gáàsì

Èèyàn tí kì í lè jókòó sójú kan ni mí. Bí mo bá ń jẹun, ẹsẹ̀ mi á máa mì lábẹ́ tábìlì. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá ti jáde lọ mumi, màá ti lọ yọjú wo àwọn ọmọdé ní iyàrá wọn, kí pásítọ̀ tó wàásù dé ìdajì. Ìyàwó mi ní bí wọ́n bá fi okùn so mí mọ́ òpó, òpó náà ni màá máa fà kiri. Nítorí náà, nígbà tí òtútù wọ ilé wa ní Openshaw, ní Manchester, lọ́dún tí a bí àkọ́bí wa, tí mi ò sì mọ ibi tó ń gbà wọlé, àìmọ̀ yẹn dà mí láàmú ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Èèyàn lè wọ súwẹ́tà sí òtútù. Ohun tí mi ò rí ibi tó ti ń wá ni mi ò lè fara dà.

Nínú àwọn ọdún 2000 ni, kí tíráàmù tó máa gba apá ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ilé tí a háyà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé bíríkì pupa tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn lọ títí, tó jẹ́ pé bí aládùúgbò bá wúkọ́, ìwọ lo máa kí i pẹ̀lẹ́. Bí o bá ti ṣílẹ̀kùn iwájú báyìí, o ti wà ní pálọ̀ nìyẹn. Pálọ̀ náà kò sì fẹ̀. Sófà wà lábẹ́ fèrèsé, híítà ara ògiri wà lẹ́yìn sófà, ọ̀nà ilé ìdáná wà lápá kan, ibi iná sì wà ní ìkejì. Láyé àtijọ́, èédú ni wọ́n ń dá níbẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan gbé iná gáàsì sójú rẹ̀, èyí tó ní èédú tí wọ́n fi amọ̀ ṣe nínú, tó máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí a bá tàn án. Ihò èéfín àtijọ́ tó gba inú ògiri gun òrùlé lọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Karùn-ún la kó débẹ̀, oòrùn ń ràn, kò sí ẹni tó ronú kan ihò kankan.

Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná náà. Èmi ni mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù ẹrù àlòkù kan lójú títì ńlá, àga onírọ̀gbọ̀kú tó ní apá igi, tí aṣọ ara rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la gbé e wálé lórí, àwọn èèyàn sì ń yọjú wò wá látinú bọ́ọ̀sì. Bàbá mi ní àga tirẹ̀ nílé, kò sí ọmọ tó jẹ́ fi ìdí kàn án, nítorí náà ọjọ́ tí mo gbé tèmi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ni mo tó gbà pé èmi náà ti ní ilé. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni mo fi ń jókòó síbẹ̀, bí a bá lè pe ìjókòó mi ní ìjókòó.

Ìyàwó mi bímọ nínú oṣù Kẹwàá. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, obìnrin. Wọ́n ní kó má gbé nǹkan tó wúwo, kó má máa gun àtẹ̀gùn lágùnjù. Iṣẹ́ mi wà ní Rochdale, nílé ìkẹ́rùsí kan, mo máa ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀sán ni mo máa ń padà. Ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ̀? Ìyá ìyàwó mi ni, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó gba físà olóṣù mẹ́fà, ó sì ní títí yóò fi tán lòun máa lò, kí ọmọ òun lè fìdí múlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ńṣe ló sunkún.

Ọjọ́ tí Màmá dé, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti báàgì lọ́wọ́ mi. Nígbà tó wọlé, mo nawọ́ sí àga pupa. "Ẹ jókòó síbí, mà. Ẹ̀gbẹ́ iná gan-an ni. Àga yín nìyí títí ẹ máa fi lọ." Ó wo àga náà, ó wò mí.

"Ṣé kì í ṣe àga rẹ nìyí?"

"Tiyín ni, mà."

Ó jókòó, ó fọwọ́ pa apá àga náà, ó súre fún mi. Inú mi dùn débi pé mo rìn lọ sílé ìdáná, mo rìn padà, láìmọ ohun tí mo lọ mú. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wá àna tó mọ ìyá ìyàwó í tọ́jú ní gbogbo Manchester lọ́jọ́ yẹn, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ nawọ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún jókòó sórí àga yẹn mọ́ àfi òun. Èmi ò jẹ́ jókòó sí àga àna mi. Ìyàwó mi wà lórí sófà látàárọ̀ dalẹ́, níbi tó ń dùbúlẹ̀ sí nítorí ojú abẹ rẹ̀. Àlejò tó bá wá kí wa á jókòó ti ẹsẹ̀ ìyàwó mi, tàbí kó gba àga onígi láti ilé ìdáná. Èmi, mo máa ń dúró.

Màmá kò sì fọkàn tán iná náà. Ọjọ́ kejì tó dé ló ti bi mí pé, "Iná tí kò ní igi, tí kò ní èédú, kí ló ń jẹ?" Mo ní gáàsì ni. Ó ní òun mọ̀ pé gáàsì ni, òun náà ń fi gáàsì dáná ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ilé ìdáná òun ní fèrèsé méjì. "Èyí tó wà nínú pálọ̀ yìí, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ. Bí ọmọ bá sì wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ọmọ ló máa jẹ." Bó ṣe di òfin ilé wa nìyẹn: bí ọmọ bá wà ní pálọ̀, kò sí iná. Ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti gbé ọmọ gòkè lọ sùn, èmi fúnra mi ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́ tàn. Èédú amọ̀ á pọ́n, Màmá á jókòó níwájú rẹ̀ nínú ìró àti súwẹ́tà, iná á máa tàn sí i lójú, èmi á sì máa wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pé ẹ wo ìyá ìyàwó mi bó ṣe ń yánná.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá wọlé ni nǹkan yí padà. Òjò tó ń rọ̀ kò dáwọ́ dúró, atẹ́gùn wá gbé e dání. Mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, màá ṣílẹ̀kùn, màá rí i pé òtútù ń rìn nínú pálọ̀ wa bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Híítà ara ògiri ń gbóná. Fèrèsé wà ní títì. Síbẹ̀, bí o bá dúró láàárín ilé, nǹkan kan á máa fẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ.

Wàhálà dé nìyẹn. Mo fi sẹlotéèpù lẹ gbogbo etí fèrèsé. Mo fi àjákù táwẹ́ẹ̀lì di ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà sí lára ilẹ̀kùn, ìyẹn ni ẹni tó ń pín lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sílẹ̀ nínú òjò. Mo ká ògbólógbòó ìró kan, mo rán an, mo fi iyanrìn kún inú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sí ìdí ilẹ̀kùn, ìyàwó mi kọsẹ̀ lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e síbẹ̀ gan-an. Mo ra kọ́tìnnì tó nípọn. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Níbi iṣẹ́, màá máa to páálí, ọkàn mi á wà nílé, màá máa ro ilé náà láti igun dé igun. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Rochdale bọ̀, mo máa ń fi ọwọ́ wá etí fèrèsé ọkọ̀, kí n wò ó bóyá òun náà ń jò. Obìnrin kan tó jókòó lójú kejì mi dìde lọ sí ibòmíràn.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo tan àbẹ́là. Ohun tí wọ́n kọ́ mi níbi iṣẹ́ ni: ibi tí ọwọ́ iná bá ti tẹ̀, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. Mo gbé e kiri etí fèrèsé, ọwọ́ iná dúró ṣánṣán. Mo gbé e dé ìdí ilẹ̀kùn, ó dúró. Mo rákò lórí kápẹ́ẹ̀tì láti ìdí tẹlifíṣọ̀n dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, Màmá ń wò mí látorí àga pupa pẹ̀lú ọmọ lápá. Ó wá ku ibì kan ṣoṣo, ìyẹn ibi iná àti ìdí àga tí Màmá jókòó lé.

Ẹ gbà mí níyànjú. Báwo ni ọkùnrin ṣe máa fi orúnkún rákò dé ìdí ẹsẹ̀ ìyá ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́? Kí ni ǹ bá ní mo ń wá níbẹ̀? Mo dé nǹkan bí ìwọ̀n apá kan sí ìró rẹ̀, mo dúró, mo fẹ́ àbẹ́là pa, mo ní, "Ó ti tó, mà." Ó ní, "O kú iṣẹ́." Mo dìde, mo gbọn eruku lórúnkún mi. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀gbẹ́ iná kọ́ ló yẹ kí èèyàn ti máa wá òtútù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Màmá sọ pé òun fẹ́ máa lọ sílé.

Kò sọ fún mi. Ìyàwó mi ló sọ fún. Ó ní àwọn ará ilé ń pe òun, ó ní ẹni tí òun fi ilé sílẹ̀ fún kò mojú tó o, ó ní òun fẹ́ ṣe Kérésì ní Ìjẹ̀bú. Ẹni tó ní títí físà fi máa tán! Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́, ìyàwó mi ń dúró dè mí nílé ìdáná, ó fi ọwọ́ di ojú abẹ rẹ̀ mú.

"Kí lẹ ṣe fún màmá mi?"

Èmi àti ìyàwó mi, "ìwọ" la máa ń pe ara wa. Bó bá ti pè mí ní "ẹ" báyìí, inú ń bí i dé góńgó.

"Kí ni mo ṣe fún wọn? Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, wọ́n wá kàn fẹ́ lọ? Tẹ́ ẹ bá ń rìn kiri inú ilé, tẹ́ ẹ ń kùn, tẹ́ ẹ ń fa sẹlotéèpù ya níwájú àgbàlagbà, ṣé wọn ò ní rò pé àwọn ló sú yín? Inú wọn ò dùn. Mo mọ màmá mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mi ò lè dá ṣe é. Mi ò tíì lè gbé ọmọ mi látilẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí òótọ́ ni pé mò ń kùn. Ẹ̀rù sì bà mí. Bí Màmá bá lọ, ìyàwó mi àti ọmọ jòjòló ló kù nínú ilé tútù láti ìdájí títí mo fi máa dé. Mi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí a lè pè. Mo lọ bá Màmá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní bí mo bá ṣẹ̀ yín, mà, ẹ dárí jì mí. Ó gbé mi dìde. Ó ní, "Ta ló ní o ṣẹ̀ mí? Ara mi ló ń pè mí lọ sílé." A fàdéhùn sí i pé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, n óò lọ pààrọ̀ ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó tà á.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan náà, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá Màmá nìkan ní pálọ̀. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan ti gbé e lọ sí ọsibítù kí wọ́n wo ojú abẹ rẹ̀. Ọmọ ti sunkún títí, inú ló ń run ún, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn lọ sí apá Màmá ni. Màmá ò lè dìde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láti àárọ̀. Bó ṣe rí mi, ó fọwọ́ pè mí kíá.

"Bọ́ kóòtù rẹ. Gbà á. Rọra, rọra. Jókòó síbí, ibi tó ti sùn nìyí. Bó o bá gbé e rìn kiri, yóò jí."

"Orí àga yín, mà?"

"Mo ní kó o jókòó!"

Mo jókòó. Ó gòkè lọ, mò ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí mo fìdí kan àga náà.

Ó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́rùn. Mo rò pé omi òjò orí mi ló ń kán. Mo gbé ọwọ́ kan síbẹ̀, ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀gbẹ́ ojúgun mi kọjá, ó wọ inú ṣòkòtò. Mo yíjú sí ibi iná. Iná ti kú, èédú amọ̀ jókòó síbẹ̀ bí eyín tó dúdú, láti ẹ̀yìn wọn ni òtútù Manchester ti ń dà jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti ojú ọ̀run gba inú ihò èéfín, tààrà sí ara ẹni tó bá jókòó sórí àga pupa. Kò dé ibòmíràn bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń rìn láàárín ilé tí mò ń fi àbẹ́là wá, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó bá ti fẹ́ Màmá tán ni.

Mi ò lè dìde, nítorí ọmọ. Mi ò lè rìn kiri, mi ò lè kùn. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ̀n, mo sì ń rò ó. Láti oṣù Kẹwàá! Látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí iná kò sí nítorí ọmọ, ibí ni obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún jókòó sí. Ìrọ̀lẹ́ tí mo bá tan iná, tí ooru bá lé òtútù náà padà sínú ihò rẹ̀, ìgbà yẹn lèmi máa wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tí màá máa yangàn. Mo wá rántí pé apá ọ̀tún ni Màmá máa ń gbé ọmọ sí nígbà gbogbo, ìyẹn apá tó jìnnà sí iná. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló ń kọ sí òtútù kó má bàa dé ọ̀dọ̀ ọmọ wa. Inú bí mi. Inú bí mi sí ihò yẹn, sí onílé, sí àga pupa tí mo fi orí gbé wálé. Inú bí mi sí Màmá náà, tí kò la ẹnu.

Ọjọ́ kejì, nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, mo tẹ ẹni tí onílé máa ń rán wá tún gáàsì ṣe láago. Mo ní mo fẹ́ ki báàgì aṣọ àlòkù bọ inú ihò náà, kí n dí i pa. Ó pariwo. Ó ní bí mo bá dí i, tí mo wá tan iná, èéfín gáàsì tí kò ní òórùn ló máa dà padà sínú ilé, gbogbo wa á sùn, a ò ní jí. Ó ní ohun tó wà ńbẹ̀ ni kí òun yọ iná gáàsì náà kúrò pátápátá, kí òun dé ihò náà, kí òun fi ibi kékeré sílẹ̀ fún ògiri láti máa mí. Ṣùgbọ́n ó di lẹ́yìn ọdún tuntun, iṣẹ́ ti kún ọwọ́ òun.

Lẹ́yìn ọdún tuntun kẹ̀, nígbà tí ọjọ́ Ajé ò ju ọjọ́ mẹ́ta sígbà yẹn lọ!

Ó wá ku kí Màmá kúrò lórí àga. Mo dé, mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká gbé àga yín sún síbí díẹ̀." Ibi tí mo nawọ́ sí kò ju ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ, kò sí àyè mìíràn. Ó ní, "Ibi tó wà tẹ́ mi lọ́rùn." Mo ní kó jókòó sí sófà, ó ní ibùsùn ọmọ òun nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo tún bẹ̀rẹ̀, mo ní ó dà bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ díẹ̀ lápá ibẹ̀, mà. Ó wò mí lójú kòrókòró, ó ní, "Atẹ́gùn wo? Kò sí atẹ́gùn kankan." Ó sì fa ìborùn rẹ̀ sókè bo ọrùn. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Bó bá mọ̀, ẹkún ló máa fi sọ fún ìyá rẹ̀, ìyẹn á sì búra pé ara òun ń gbóná.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mi ò bọ́ kóòtù. Mo kọjá lára gbogbo wọn, mo lọ jókòó sórí àga pupa, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì síwájú.

Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, díákónẹ́ẹ̀sì, ló fi mọ́tò gbé wa wálé, ó sì wọlé láti gbé ọmọ díẹ̀. Òun àti Màmá wọlé, wọ́n bá mi níbẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Ah-ah," ni díákónẹ́ẹ̀sì wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. "Brother, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún Mummy now."

Mi ò dìde.

"Brother!"

"Ó rẹ̀ mí, mà," ni mo wí. Ojú mi ń gbóná, ẹsẹ̀ mi ti ń di yìnyín. Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu. Ẹni tó bá mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi á mọ ohun tí ìjókòó yẹn ná mi. Mo ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di ọjọ́rú: ọkùnrin tó jókòó, tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìnàró.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ dìde." Ó gbẹ́sẹ̀ kan wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde fún màmá mi."

Mo wo Màmá, kò bínú. Ó ń wo ẹsẹ̀ mi, ó ń wo ibi iná, ó tún wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ló lọ jókòó sórí sófà, níbi tí híítà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra fi ẹ̀yìn tì í. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Díákónẹ́ẹ̀sì kò pẹ́ tó fi lọ. Ìyàwó mi gba ọmọ, ó gun àtẹ̀gùn lọ láìwo ọ̀dọ̀ mi, ó lé ilẹ̀kùn iyàrá dé. Ó wá ku èmi àti Màmá.

"Ó tutù, àbí?" ni ó wí.

"Ó tutù, mà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún. "Ọjọ́ tí mo dé gan-an ni. Mo rò pé ẹnì kan ń fẹ́ mi lábẹ̀bẹ̀ láti ẹ̀yìn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, mà?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n dé ilé ọkọ ọmọ mi, kó dìde fún mi lórí àga tirẹ̀, kí n wá ní kò dára?"

"Nígbà tí mo wá ní kí ẹ kúrò níbẹ̀ ńkọ́? Tí mo ní kí a gbé e?"

"Bí mo bá kúrò níbẹ̀, ta ló máa jókòó síbẹ̀? Ìwọ náà ni. Àga rẹ ni. Ìwọ tó o máa ń jáde nínú òkùnkùn, tí aṣọ rẹ máa ń tutù bó o bá dé. Mo ti rò ó. Mo ní bó bá di airport, tí wọ́n bá ti gba ẹrù mi tán, tí mi ò sí lábẹ́ òrùlé rẹ mọ́, màá fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sọ fún ọ pé ọmọ mi, má jókòó sórí àga yẹn mọ́ láé."

Ẹkún gbọ̀n mí lórí àga níbẹ̀, èmi tí mo rò pé èmi ni mò ń gba òtútù jẹ fún un. Màmá ní kí n dìde, kí n wá sórí sófà, ó sún fún mi. A jókòó síbẹ̀ títí ìyàwó mi fi sọ̀ kalẹ̀ wá tún bá mi jà, ó bá wa bẹ́ẹ̀, Màmá ló sì ṣàlàyé fún un. Lọ́jọ́ Ajé, ibi iṣẹ́ ni mo lọ, mi ò dé ọ̀dọ̀ àwọn oní-tíkẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ọkùnrin gáàsì wá yọ iná náà, ó dé ihò náà, pálọ̀ wa gbà kí èèyàn jókòó síbi tó wù ú. Màmá lo oṣù mẹ́fà rẹ̀ pé. Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó máa lọ, ìyàwó mi sì ti ń gbé e gòkè sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Èmi ni mo sìn ín dé airport nínú oṣù Kẹrin. Wọ́n gba ẹrù rẹ̀, wọ́n fún un ní ìwé ìwọkọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ó súre fún mi. Bó ṣe kù díẹ̀ kó wọ ibi tí èmi ò lè bá a dé, ó fọwọ́ pè mí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "bẹ́ẹ̀dì iyàrá tí mo sùn yẹn, irin kan ti yọ láàárín rẹ̀. Ẹ tún un ṣe kí àlejò mìíràn tó dé."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí mo délé, mi ò bọ́ bàtà, mi ò dá ìyàwó mi lóhùn, mo gòkè lọ sí iyàrá náà, mo dùbúlẹ̀ síbi tó máa ń dùbúlẹ̀ sí. Irin náà gún mi ní ìhà, mo sì sùn sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.